Ẹni Tí Mo Rán Lọ Wo Ayé

Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé lẹ́tà wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti Kútọnú, nígbà tí Dàhòmẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí àsíá ilé ẹ̀kọ́ wa kò tíì ṣá. Bí mo bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀ láti inú kíláàsì, ọkàn mi á pín sí méjì. Apá kan ń fẹ́ kí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, apá kejì ń gbàdúrà pé kí wọ́n ti gbàgbé àpò lẹ́tà sọ́nà. Èkejì mi ló ń kọ lẹ́tà náà. Ó wà ní Dàkáà níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì fi ń rìn kiri wo ìlú onílùú.

Ìbejì ni wá, obìnrin méjèèjì. Òun ló kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo tẹ̀lé e. Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí òun ló dá gbogbo wàhálà mi sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó kẹ́yìn jáde ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yìí ló fẹ̀yìn tì sínú ikùn, tó rán àbúrò rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó padà wá jíṣẹ́ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi oyè ẹ̀gbọ́n yìí tàn mí. Bí nǹkan bá ku ẹyọ kan, àbúrò ló ń mú un, torí pé ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ní sùúrù.

A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko, orí ibùsùn kan náà la ń sùn. A jọ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ní Dàkáà. Àwa méjèèjì yege, èmi sì ni mo wà lókè. Mo fẹ́ tún un sọ, kí ojú ẹni tó ń ka ìwé yìí má baà fò ó: èmi ni mo wà lókè. Ṣùgbọ́n bàbá wa ní ìyá wa kò lè wà nílé láìsí ọ̀kan nínú wa lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan á lọ, ọ̀kan á dúró.

“Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ló ń lọ wò ó,” ló wí, bí ẹni tó ń ka òfin. “Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ẹ̀gbọ́n, jókòó ti ìyá rẹ. Àbúrò rẹ á máa jíṣẹ́ fún ọ.”

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ta ló rán an? Èmi kọ́. Ká ní mo mọ̀ nínú ikùn lọ́hùn-ún pé báyìí ni yóò rí ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ yọrí. Wọ́n fi mí ṣe mètírẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Èkejì mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnú, ó wọ ọkọ̀ òkun níbẹ̀, ó di ará Dàkáà.

Ìyá wa kò mọ̀wé. Faransé la sì fi ń kọ lẹ́tà, torí òun nìkan ni wọ́n kọ́ wa ní kíkọ. Nítorí náà, èmi tí inú ń bí ni mo tún ní láti máa túmọ̀ adùn Dàkáà sí èdè wa, ní gbangba, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìyá wa á tẹ́ ẹní síta. Obìnrin tó ń se ẹ̀kọ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa á gbé àpótí rẹ̀ wá. Èmi á ṣí ìwé náà, màá wúkọ́ díẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀.

Gòré ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ó ní erékùṣù kékeré kan ni, ó wà nínú òkun níwájú Dàkáà gan-an, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Ó ní wọ́n kun àwọn ilé ibẹ̀ ní pupa àti ní àwọ̀ ìyeyè, òdòdó sì rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri wọn. Mọ́tò kankan kò sí níbẹ̀. Ilé kan wà tí wọ́n ń kó ẹrú sí láyé àtijọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò wọlé. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkúta, wọ́n gbé ẹja yíyan wá fún un. Mo ń kà á, ahọ́n mi ń wúwo. Ẹni tí kò lè la odò kékeré kọjá láì di ìró mi mú, òun ló wá ń gun orí òkun lọ jẹ ẹja!

“Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́,” ni obìnrin ẹlẹ́kọ wí. Ó wá wò mí tàánútàánú. Ìwò yẹn dùn mí ju Gòré lọ.

Lẹ́tà kejì, òkè ni. Òkè méjì kan wà ní Dàkáà létí òkun, àwọn Faransé ń pè wọ́n ní Ọmú, orúkọ kan náà tí wọ́n fún àwọn òkè tiwa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ́ ilé fìtílà ńlá sórí ọ̀kan nínú wọn láti máa júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun. Ó ní nígbà tí òun rí i, omi bọ́ lójú òun. Mo gbé ojú sókè láti orí ẹní, mo wo òkè tiwa. Ó jókòó sẹ́yìn ilé bó ṣe máa ń jókòó, pẹ̀lú òkúta dúdú rẹ̀, kò ní fìtílà, kò ní òkun. Òkè tí a jọ ni láti kékeré, ó ti lọ rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Nígbà tó kọ̀wé nípa adágún kan tí omi rẹ̀ pupa, mo pa ìwé náà dé. Mo ní irọ́ ni. Ìyá wa ní kí n kà á tán. Ó pupa, ó ní, bí ara wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kùn ní pupa kí wọ́n tó tà á fún wa ní ọjà. Iyọ̀ ni àwọn ènìyàn ń wà nínú rẹ̀. Mo kà á tán. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ìyá wa sọ adágún pupa yìí fún bàbá wa bí ẹni pé òun ló débẹ̀.

Ohun tó tún burú jù ni ẹ̀wà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá wa ń se ẹ̀wà fún wa, bí wọ́n ṣe ń se é fún ìbejì, àwo méjì tó rí bákan náà, epo kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Dàkáà kò yí èyí padà. Ó ṣì ń bu àwo méjì, á ní, “Bá àbúrò rẹ jẹ tirẹ̀. Ikùn kan náà ni.” Màá jẹ tèmi tán, màá jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó ń gbẹ̀san lára ẹ̀wà. Mo sanra lọ́dún yẹn.

Kò sí lẹ́tà tí kì í fi ìbéèrè kan parí: “Ìwọ ńkọ́? Níbo lo lọ lọ́jọ́ Àìkú? Kí lo rí?”

Kí ni mo rí? Mo rí kànga. Mo rí aṣọ tí mo fọ̀, mo rí síléètì àwọn ọmọ tí mo gbé wálé. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fò ó, mo kàn kọ ọ́ pé ìyá wa ń kí i. Àfi ọjọ́ kan tí obìnrin ẹlẹ́kọ tún wí pé, “Èyí tó rìn ń rìn, èyí tó jókòó ń kàwé fún wa,” tí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo mú bírò, mo kọ irọ́ àkọ́kọ́.

Mo kọ ọ́ pé mo gun òkè wa. Mo ní mo rí ọ̀nà kan tí a kò mọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ara òkúta rẹ̀, mo sì dé orí pátápátá, mo rí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Pàràkú, ó kéré bí ọ̀kùn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ara mi ń yá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn èyí, èsì dé: “O gbádùn! Èmi tí mo ti ń wo òkè yẹn láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò mọ̀ pé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀.” Mo ka gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo fò ó nígbà tí mò ń ka lẹ́tà náà fún ìyá wa.

Ẹni tó bá ti mọ adùn irọ́ kò ní lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Mo ní mo lọ sí Bẹ̀sẹ́, mo rí adágún kan nínú oko níbẹ̀ tí àwọn ẹja rẹ̀ ń jáde bí o bá pe orúkọ wọn. Mo ní mo lọ sí Kábúà, mo wọ ihò òkúta kan tó ń dá ohùn ènìyàn padà ní ẹ̀ẹ̀méje. Ní Àdídó, mo gbin igi ńlá kan sínú lẹ́tà mi, obìnrin mẹ́wàá lè ta ọjà nínú ihò rẹ̀ lọ́jọ́ òjò láìfarakan ara wọn. Bẹ̀sẹ́, Kábúà, Àdídó, gbogbo wọn wà lóòótọ́, àwọn àgbẹ̀ ló kún ibẹ̀. Iṣu wọn ni mo mọ̀, mi ò mọ ọ̀nà wọn. Ẹlẹ́nu dídùn ni mo wá dà lórí ìwé.

Owú wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú lẹ́tà tirẹ̀. “Kò dáa,” ló kọ. “Gbogbo nǹkan yìí wà nílé wa, ìwọ nìkan ló ń rí i.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára bí omi tútù nígbà ooru. Lẹ́tà rẹ̀ ń kúrú. Gòré kò sí nínú rẹ̀ mọ́, òkun kò sí, ó kàn ń sọ ti ilé ìwòsàn àti ìdánwò. Nígbà tó yá ó kọ ọ́ pé òun kì í jáde mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, pé lẹ́tà mi lòun ń kà fún àwọn ọmọbìnrin Tógò àti ti Gínì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà. Mo jẹ ẹ̀wà rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti pa ọjọ́ Àìkú rẹ̀, inú mi dùn, mi ò ní purọ́ rẹ̀ níbí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò lọ tó ọdún méjì. Èkejì mi wá lo fàkáǹsì ńlá, ìsinmi ìparí ọdún ẹ̀kọ́, nílé. A lọ pàdé rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ojú irin. Ó ti ga díẹ̀, ó wọ bàtà funfun, ó sì rù jù mí lọ. Ó dì mọ́ mi, kò fẹ́ jù mí sílẹ̀. Èmi ń wo bàtà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí oòrùn tó mú, ó ti wọṣọ. Ó mú ìwé kékeré kan jáde. Ó ti kọ gbogbo ibi tí mo lọ sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?” ló bi mí. “Mo fẹ́ rí àwọn ẹja Bẹ̀sẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ.”

Ìyá wa gbé orí kúrò nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. “Ẹja wo?”

“Òkè ni ká kọ́kọ́ lọ,” mo yára dáhùn. Ó kéré tán, òkè wà.

A gba ẹ̀yìn ilé. Mò ń ṣáájú bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Koríko gbá wa lẹ́sẹ̀, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo gba àárín àwọn òkúta méjì wọlé, mo tún padà jáde níbẹ̀. Òógùn bò mí. Níkẹyìn a dé ibi òkúta kan tó tẹ́jú bí ògiri, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè dì mú.

“Níbo ni àtẹ̀gùn náà wà?” ló bi mí.

“Òjò ti gbá a lọ.”

“Òjò gbá òkúta lọ?”

Ó jókòó síbi òjìji, ó bọ́ bàtà funfun rẹ̀; ó ti bó o ní gìgísẹ̀. Ó wò mí títí. “O kò gun òkè yìí rí,” ló wí.

Ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ tó ti lọ ló bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. “Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò gùn ún rí! Mi ò lọ sí Bẹ̀sẹ́, mi ò lọ sí Kábúà, igi kankan kò sí ní Àdídó tí mo mọ̀! Ìgbà wo ni mo fẹ́ lọ? Ta ni á pọn omi? Ìwọ lo gba Dàkáà mi. O gbà á tán, o tún ń kọ adùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n máa fi ẹnu ara mi kà á fún ará àdúgbò. Èmi ni mo wà lókè nínú ìdánwò yẹn! Èmi!”

“Mo mọ̀,” ló wí.

Mo ti múra pé á jà. Kò jà. Ó fa àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó yọ àpòòwé kan jáde, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí òkúta. Tíkẹ́ẹ̀ ni, àwọn bébà pélébé tí wọ́n ń fún èrò ọkọ̀. Ti ọkọ̀ ojú omi Gòré, ti bọ́ọ̀sì tó lọ sí òkè onífìtílà, ti èyí tó lọ síbi adágún pupa. Méjì méjì ni gbogbo wọn.

“Ṣé o rò pé mo gbàgbé ẹni tó wà lókè ni?” ló wí. “Méjì ni mo ń rà. Mi ò lè ra ẹyọ kan, ọwọ́ mi kò gbà á. Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀ ní Gòré bi mí pé ta ló ni èkejì. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní níbo ló wà. Mo ní òun ló rán mi. Ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú u.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wò wọ́n ní méjì méjì.

“O mọ̀ pé mò ń bẹ̀rù omi. Mò ń bì lọ, mò ń bì bọ̀. Ẹja yẹn, mi ò lè gbé e mì. Oorun ni àwọn ọmọbìnrin tó kù ń fi ọjọ́ Àìkú sùn. Èmi náà fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n mo ní rárá, a rán mi níṣẹ́, ẹni tó rán mi jókòó sílé, ó ń retí. Màá dìde, màá lọ wo nǹkan, màá kọ ọ́ dáadáa kí ojú rẹ lè rí i.” Ó ń to àwọn tíkẹ́ẹ̀ náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. “Lẹ́tà tìrẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. O ti ń rìn fúnra rẹ. Ohun tí o ń rí ju tèmi lọ. Mo jowú rẹ gan-an. Mo wá sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ti tán, ẹ̀gbọ́n mi kò nílò mi mọ́. Mo dúró sílé.”

Mo mú èyí tó kẹ́yìn nínú wọn. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i lára. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: oṣù tí lẹ́tà ẹja Bẹ̀sẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nǹkan kan. Ọdún kan àti ààbọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kò fi jáde. Mo ti jẹ ìyẹn náà, bí mo ṣe jẹ àwo ẹ̀wà rẹ̀, tí mo sì lá ọwọ́.

Ó pín tíkẹ́ẹ̀ náà sí ọ̀nà méjì, ó kó tèmi lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bó.

“Èmi kò lè gòkè mọ́,” ló wí. “Mo ti jókòó nìyí. Ẹ̀gbọ́n, lọ wò ó wá fún mi. Lónìí, èmi ni mo rán ọ.”

Mo ní mi ò mọ ọ̀nà. Ó ní òun náà kò mọ ọ̀nà Gòré.

Mo di tíkẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí ìró, mo lọ. Mo yí òkúta tó tẹ́jú yẹn po, mo rí ibi tí igi kéékèèké gbé hù sínú pàlàpálá, mo di wọ́n mú, mo fi orúnkún gun ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń bá òkúta sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dé òkè, mi ò lè dìde dúró kíákíá. Mo jókòó. Mo wò ó dáadáa, torí pé ẹnì kan ń retí.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti fẹ̀yìn ti òkúta, ó di ojú rẹ̀. “Kí lo rí?” ló bi mí.

Mo sọ fún un. Mo ní kò sí ọkọ̀ ojú irin, irin nìkan ni mo rí, ó lọ tààrà títí ojú mi fi pàdánù rẹ̀. Mo ní páànù ilé wa ti ń pọ́n ní igun kan. Mo rí ilé ẹ̀kọ́ mi, ọ̀pá àsíá náà wọ́. Ọ̀nà Kábúà pupa, ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lórí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í. Mo rí èéfín nínú àgbàlá wa, mo mọ̀ pé ẹ̀wà ti wà lórí iná. Kò sí ẹja, kò sí ihò, kò sí àtẹ̀gùn. Mi ò fi ẹyọ kan kún un.

Ó ń gbọ́ ọ, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ nǹkan tó dùn, tí kò sì fẹ́ kó tán. Ó ní kí n tún ti ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn sọ. Mo tún un sọ. Mo wo ojú rẹ̀ tó dì, mo sì rántí gbogbo Ọjọ́rú tí mo fi jókòó sórí ẹní pẹ̀lú òkun rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí èmi gbọ́ tirẹ̀ báyẹn.